Ọjọ́ Tí Oleta Di Ilẹ̀kùn Ihò Ààjà Mú

Ẹ súnmọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ọmọ, nítorí ariwo pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, mi ò sì ní gbé ohùn mi sókè láti bá a du ọ̀nà.

Ní ìlú wa ní Oklahoma yìí, ènìyàn lè bá aládùúgbò rẹ̀ ṣọ̀tá títí dójú ikú. Ó lè kọ̀ láti kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó lè yìnbọn lé màlúù rẹ̀ kúrò nínú oko. Àmọ́ bí ààjà bá ń bọ̀, ààjà ńlá tó ń ká ilé nílẹ̀ bí ẹni ká ẹní, kò sẹ́ni tí í ti ihò mọ́ ẹnìkejì. Ihò tí a gbẹ́ sẹ́yìn ilé, tí a fi kọnkéré mọ ògiri rẹ̀, tí a fi irin pẹlẹbẹ ṣe ìdérí rẹ̀, ihò Ọlọ́run la kà á sí. Olè á sá wọ̀ ọ́, ọ̀tá á sá wọ̀ ọ́, ajá tó bù ọ́ jẹ lánàá á sá wọ̀ ọ́. Ẹ ó jọ jókòó sínú òkùnkùn, ẹ ó jọ máa gbọ́ bí òrùlé ṣe ń ya lókè yín. Bí ìjì bá kọjá tán, kí kálukú padà sídìí ìjà rẹ̀.

Oleta Stamper ti ihò tirẹ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀. Ohun tó gbé e dé ẹ̀wọ̀n gbére nìyẹn, tí omijé ò sì bọ́ lójú ẹnikẹ́ni.

Oleta kì í ṣe ìkà láti ilé. Ọmọ àgbẹ̀ alálìkámà ni. Ó ga, ó sígbọnlẹ̀, apá rẹ̀ gùn débi pé ó lè to àwo oúnjẹ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, kí ó sì rìn láàárín àga láìda nǹkan kan nù. Ilé oúnjẹ tó wà lọ́jà màlúù ló ti ń dáná. Àwọn ọkùnrin tó kó màlúù wá tà á máa yọ ọ́ lẹ́nu, òun náà kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bọ́ sílẹ̀.

“Oleta, fẹ́ mi jàre. Mo nílẹ̀, mo lẹ́ṣin.”

“Ẹṣin yẹn ni ǹ bá fẹ́. Ó kúkú ń wẹ̀ jù ẹ́ lọ.”

Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Bó ṣe rí nìyẹn títí Rayford Stamper fi wọlé. Ibi tí wọ́n ti ń fa epo rọ̀bì ni Rayford ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá àgbà á máa nu ojú. Kò yọ Oleta lẹ́nu. Ó jẹun, ó ní, “Ẹ ṣé mà,” ó gbé àwo rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ àwo fúnra rẹ̀. Ohun tó mú Oleta nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ tó mú bí abẹ wá dákẹ́. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó kí wọ́n tó kórè àlìkámà ọdún náà.

Ìgbéyàwó ò tíì gbó tí Rayford fi mọ ohun tí òun lè fi fèrè ìlú ṣe.

Fèrè náà wà lórí òpó irin gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn panápaná. Bí ààjà bá ń bọ̀, wọn á fọn ọ́ kí gbogbo ènìyàn sá wọ ihò. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, wọn á fọn ọ́ fúngbà díẹ̀ láti dán an wò. Bó bá ti ń hu, ẹni tó jókòó tì ẹ́ ò ní gbọ́ ohun tí ò ń wí. Àwọn ọmọdé á di etí, wọn á máa tọ kiri. Àgbà tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ á dá gbólóhùn rẹ̀ dúró lágbedeméjì, bí fèrè bá dákẹ́, á wá parí rẹ̀. Ó ti mọ́ wa lára.

Abẹ́ òpó náà gan-an ni ilé Rayford wà.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, ẹ̀wà ló jó. Rayford ò wí nǹkan kan. Ó wo aago ara ògiri, ó fa àga, ó jókòó. Oleta rò pé inú rẹ̀ ti rọ̀. Háà! Fèrè ló ń dúró dè. Bí fèrè ṣe hu báyìí, wùùùù, ó dìde, ó gbá irun Oleta mú, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn fíríìjì, gbàgà! gbàgà! Nígbà tí obìnrin náà ṣubú, ó fi bàtà tó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, èyí tí irin wà nímú rẹ̀, ta á níhà títí egungun fi dún. Oleta ké, ó ké, ọ̀fun rẹ̀ bó. Fèrè gbé igbe náà mì káló. Bí fèrè ṣe dákẹ́, Rayford náà dákẹ́. Ó fọwọ́, ó jókòó sídìí tábìlì.

“Bu oúnjẹ, Oleta. Bó tiẹ̀ jó náà, a ó jẹ ẹ́.”

Láti ọjọ́ náà, kì í nà án ní ọjọ́ mìíràn àfi Sátidé. Ẹ gbọ́ ìwà ìkà! Bí Oleta bá ṣẹ̀ ẹ́ ní Mọ́ńdè, á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ó di Sátidé.” Bó bá ṣẹ̀ ẹ́ ní Tọ́sìdé, á fìka han òpó náà láti ojú fèrèsé, á ní, “Sátidé rẹ ń bọ̀.” Ẹni tí wọ́n nà lónìí, ara rẹ̀ á san lọ́la. Ẹni tí wọ́n ń ṣèlérí fún, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń nà án. Oleta ò lè gbọ́ kí wọ́n dárúkọ Sátidé lọ́jà màlúù kí àwo má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Eegun èjìká rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n ní ó jábọ́ lórí àkàbà. Etí òsì rẹ̀ di, wọ́n ní kòkòrò ló wọ̀ ọ́.

Rayford ní àbúrò kan tí ń jẹ́ Lonnie, tó ń gbé nínú ilé onítáyà lẹ́yìnkùlé wọn. Ní gbogbo Sátidé, Lonnie á wá jẹun. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgò bíà, kí ó máa wo ojú títì, bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Ní Sátidé tí oyún bà jẹ́ lára Oleta lórí ilẹ̀ ilé ìdáná, tí fèrè ń hu, tí Rayford ń tẹ̀ ẹ́ níkùn bí ẹni tẹ amọ̀, Lonnie ló pọn garawa omi wá.

“Fọ ilẹ̀ yẹn,” ló wí. “Ebi ń pa mí.”

Oleta lọ bá ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀kan. Ọlọ́pàá náà àti Rayford jọ ń dẹ àgbọ̀nrín.

“Ta ló gbọ́ igbe rẹ?”

“Kò sẹ́ni tó gbọ́ sà. Fèrè ń hu.”

“Fèrè ń hu!” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. “Oleta, bí o bá fẹ́ purọ́ mọ́ ọkọ ẹ, mú èyí tó fara jọ òótọ́ wá.” Ó fi ọkọ̀ gbé e padà sílé, ó sì jókòó mu kọfí pẹ̀lú Rayford. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin náà mọ bí Sátidé ọ̀sẹ̀ náà ṣe rí.

Ó wá di Túsìdé kan nígbà ìrúwé. Ọ̀sán ń rọ̀. Ojú ọ̀run ṣú, lẹ́yìn náà ó wá ní àwọ̀ ewéko bí omi adágún tó ti kú. Ewúrẹ́ ò ké, ẹyẹ ò fò. Oleta ti di àpò kan sábẹ́ ibùsùn. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Kansas ló fẹ́ sá lọ. Rayford dé láìròtẹ́lẹ̀, ó fẹsẹ̀ kọ́ àpò náà.

Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Irin gígùn tí wọ́n fi ń tú táyà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi gbá itan ara rẹ̀ jẹ́jẹ́.

“Níbo là ń lọ?”

“Kansas. Jẹ́ kí n lọ, Rayford. Mi ò ní mú nǹkan kan.”

“Màá jẹ́ kí o lọ. Àmọ́ ká ṣe ti Sátidé ná.”

“Túsìdé lòní.”

“Mo mọ̀. Ó ṣì kù díẹ̀. A jọ máa jókòó dè é ni.”

Kò tíì pa ẹnu dé tí fèrè ìlú fi hu. Wùùùùù! Ààjà ni wọ́n rí ní ìhà gúúsù. Ọkùnrin mìíràn á ti sáré. Rayford wojú fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ yọ.

“Ọlọ́run fẹ́ràn mi o. Ó ti bá mi sọ Túsìdé di Sátidé.”

Irin náà ba Oleta ní èjìká, kò bà á lórí. Ó gba abẹ́ apá Rayford yọ, ó fò jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Yìnyín ń rọ̀, èyí tó tóbi bí ẹyin adìẹ, ó ń lù ú lórí, ó ń lù ú lẹ́yìn. Lẹ́nu ihò, ó bá Arvella Pruitt, opó tó ń gbé ní ilé kejì, tó gbá ajá rẹ̀ arúgbó mọ́ra. Òun ò ní ihò.

“Oleta, ṣé kí n wọlé?”

“Ẹ wọlé kíá, Mísì Arvella!”

Wọ́n wọlé, Oleta sì fa ìdérí irin náà lé orí wọn. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń dè é láti inú ti ṣubú sílẹ̀, ó ń fọwọ́ wá a nínú òkùnkùn. Ibẹ̀ ló wà tó gbọ́ ẹsẹ̀ Rayford lórí irin, gbì, gbì.

“Oleta! Ṣílẹ̀kùn! Sátidé rẹ lòní o!”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn obìnrin náà fún yín, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Fèrè Sátidé máa ń dákẹ́. Bó ti wù kí ìyà pọ̀ tó, Oleta mọ̀ pé fèrè á dákẹ́, ọwọ́ Rayford á sì sinmi. Àmọ́ èyí tó ń hu lọ́jọ́ náà, fèrè ààjà tòótọ́ ni. Kò ní dákẹ́.

Rayford ki irin táyà bọ abẹ́ ìdérí, ó gbé e sókè, ó sì ti ọwọ́ kan wọlé, ó di irun Oleta mú. Ó fà á sókè, ó gbá iwájú orí rẹ̀ mọ́ etí kọnkéré, gbàgà! Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Ọwọ́ Oleta kan hámà tó wà lórí àtẹ̀gùn. Ó gbé e, ó lu àwọn ìka tó di etí irin mú. Ó lù wọ́n bí ẹni tó ń fọ́ èkùrọ́. Rayford ké, ó jù ú sílẹ̀. Ìdérí wó padà, gbàmù! Ọ̀pá náà sì bọ́ sí Oleta lọ́wọ́, ó ki í bọ ojú irin.

“Oleta! Ìka mi! Oleta, ó ń bọ̀! Mo bẹ̀ ẹ́!”

Lẹ́yìn náà ni ààjà dé. Ó dà bí kí ọkọ̀ ojú irin gba orí ẹni kọjá. Ihò náà mì, ajá Arvella tọ̀ sára. Nígbà tó kọjá, ilé ò sí lókè mọ́, òpó fèrè ti wó. Wọ́n rí Rayford nínú oko àlìkámà létí odò, wáyà ẹlẹ́gùn-ún ti wé mọ́ ọn lára láti ọrùn dé orúnkún, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ti rún wómúwómú. Irin táyà ò sí níbì kankan. Bí ààjà bá gbé ẹ̀rí lọ, kì í dá a padà.

Ẹjọ́ àkọ́kọ́ ò pẹ́. Àwọn ará ìlú méjìlá ló jókòó gbọ́ ọ, gbogbo wọn ló sì ní ihò lẹ́yìn ilé. Agbẹjọ́rò ìjọba pe Arvella síwájú.

“Ṣé ọkọ rẹ̀ ní kó ṣílẹ̀kùn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà.”

“Ṣé ó ṣí i?”

“Rárá sà.”

“Kí ló fi ṣe ìka rẹ̀?”

“Hámà ni sà, àmọ́ ó kọ́kọ́…”

“Ó tó, mà. Ẹ lọ jókòó.”

Arvella lọ jókòó. Àwa ará ibí, bí aláṣẹ bá ní ó tó, ó tó nìyẹn. Wọ́n wo ojú ọgbẹ́ orí Oleta, wọ́n ní yìnyín ni. Àwọn méjìlá wọlé, kọfí wọn ò tíì tutù tí wọ́n fi jáde: ó jẹ̀bi ìpànìyàn, ẹ̀wọ̀n gbére.

Mi ò ní sọ ẹ̀wọ̀n náà pẹ́. Wọ́n ń bu omi gbígbóná tí wọ́n pò mọ́ ṣúgà síra wọn lójú níbẹ̀, kó lè lẹ̀ mọ́ awọ. Wọ́n gún Oleta lápá nítorí bàtà. Ó dáná fún gbogbo wọn títí irun rẹ̀ fi funfun. Ọjọ́ Sátidé, kì í sọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Láìpẹ́ yìí ni àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa wá ṣe òfin tuntun kan. Wọ́n ní obìnrin tó wà lẹ́wọ̀n nítorí pé ó pa ẹni tó ń nà án lè padà síwájú adájọ́. Bó bá fi hàn pé nínà náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, àti pé nínà náà ló bí ikú náà, adájọ́ lè gé ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kúrú. Òfin náà ò sọ pé kò ṣẹ̀ o. Ó kàn ní kí wọ́n gbọ́ apá tí wọn ò gbọ́. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba káàkiri gbógun tì í, wọ́n ní gbogbo apànìyàn ni yóò di ẹni tí wọ́n nà.

Lọ́yà kan tí ń jẹ́ Keeling, obìnrin kúkúrú tó máa ń wọ bàtà àwọn darandaran, gba ẹjọ́ Oleta láìgba nǹkan kan. Ó lọ bá Arvella nílé, ó bi í léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi í rí: ọ̀rọ̀ wo gan-an ló ti ẹnu Rayford jáde? Arvella sọ ọ́ fún un. Keeling gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Oleta lẹ́wọ̀n.

“Oleta, kí ni ìtumọ̀ Sátidé?”

Oleta ṣí ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ó bì sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Keeling ń bi í, ojoojúmọ́ ni ó ń kọjú sí ògiri. Ìgbà tí wọ́n fi dé ilé ẹjọ́, kò tíì sọ ọ́ fún ẹ̀dá kan. Bí wọn ò bá sì rí ẹ̀rí nínà, ẹ̀wọ̀n ni yóò kú sí. Kò sí ẹjọ́ mìíràn lẹ́yìn èyí.

Adájọ́ Burkhalter ló jókòó, arúgbó kan tó ń sin màlúù, tó máa ń fi igi kékeré tayín bó bá ń ronú. Agbẹjọ́rò ìjọba ni Ọ̀gbẹ́ni Hatcher, ọkùnrin ìlú ńlá, aṣọ rẹ̀ ń dán. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de Oleta lẹ́sẹ̀ àti níbàdí. Lọ́tẹ̀ yìí, Arvella sọ̀rọ̀ tán: bí Rayford ṣe dì í nírun, bó ṣe gbá orí rẹ̀ mọ́ kọnkéré, ohun tó wí.

Hatcher dìde. “Mísì Arvella, ẹ ti dàgbà. Òkùnkùn wà nínú ihò náà, àbí?”

“Òkùnkùn wà sà. Ojú ló ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀, etí ò fẹ́ ẹ.”

“Ọjọ́ wo ni ìjì jà?”

“Túsìdé.”

“Ó ní ‘Sátidé rẹ lòní.’ Ẹ gbọ́, Olúwa mi! Yìnyín ti bà á lórí, kò mọ ọjọ́ mọ́. Ọkùnrin tó ń kú lọ ló ń wá ibi tí yóò sá sí, ìyàwó rẹ̀ sì fọ́ ọ níka. Nínà wo? Ta ló rí i? Ta ló gbọ́ ọ?”

Ọ̀rọ̀ náà wọlé. Mo rí bí orí àwọn ènìyàn ṣe ń mì lórí ìjókòó.

Wọ́n pe Lonnie. Ó ti sanra, ó fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó wọ táì. Ó búra pé ẹ̀gbọ́n òun ò gbé ọwọ́ sí obìnrin rí láyé. Keeling lọ dúró síwájú rẹ̀.

“Ẹ̀yìnkùlé wọn lẹ̀ ń gbé, Ọ̀gbẹ́ni Stamper. Ẹ ò gbọ́ ìjà rí?”

“Tọkọtaya tí kì í jà, mà, ìkan nínú wọn ti kú.” Ó rẹ́rìn-ín, àwọn kan bá a rẹ́rìn-ín.

“Sátidé wo wá ni ẹ̀gbọ́n yín ń wí?”

“Èyí tó ṣáájú Sọ́ńdè. Àbí lọ́dọ̀ tiyín, ẹ̀yìn Sọ́ńdè ni wọ́n ń gbé e sí?”

Ilé ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ náà fọwọ́ bo ẹnu.

“Ẹ ò gbọ́ kó sọ bẹ́ẹ̀ sí i rí?”

“Láéláé, mà.”

Keeling ò ní ìbéèrè mọ́. Lonnie sọ̀kalẹ̀, ó ń tún táì rẹ̀ ṣe. Ọ̀nà tó gbà kọjá mú un dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì Oleta. Oleta ò gbójú sókè. Jẹ́jẹ́ ló sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń béèrè iyọ̀.

“Lonnie, ṣé o rántí omi tí o pọn wá fún mi?”

Ojú Lonnie funfun, lẹ́yìn náà ó pọ́n. Kí ẹnikẹ́ni tó mira, ó ti fò lé e. Pàù! Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ tú eyín Oleta dà sórí tábìlì. Àga dojú dé. Oleta ò lè gbé ọwọ́, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló wà níbẹ̀. Lonnie kúnlẹ̀ lé e láyà, ó ń gún un lójú bí ẹni gúnyán, ẹ̀jẹ̀ ń ta sí aṣọ funfun rẹ̀, ó ń ké:

“Apànìyàn! Sátidé rẹ ò tíì tán! Màá fún ẹ ní èyí tí fèrè kankan ò ní lè bò mọ́lẹ̀! Ṣó o gbọ́? Kò ní sí fèrè!”

Àwọn ọlọ́pàá fa ọrùn rẹ̀, kò gbọ́. Wọ́n yin ìbọn mọ̀nàmọ́ná sí i lẹ́yìn, ó gan, ó ṣubú lulẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ilé ẹjọ́ ń hó. Adájọ́ Burkhalter fi òòlù igi rẹ̀ lu tábìlì títí ọwọ́ òòlù náà fi ṣẹ́.

“Ẹ dákẹ́! Akọ̀wé, kọ ohun tí ọkùnrin yìí sọ sílẹ̀, má yọ ọ̀rọ̀ kan.” Ó wá yíjú sí Hatcher. “Láti àárọ̀, ta ló dárúkọ fèrè nínú ilé yìí?”

“Olúwa mi, inú ló ń bí i, kò mọ ohun tó ń…”

“Mo ní, ta ló dárúkọ fèrè?”

“Kò sẹ́ni, sà.”

“Ìlú ńlá lẹ ti wá, Ọ̀gbẹ́ni Hatcher. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó jókòó lẹ́yìn yín léèrè ohun tó máa ń hu níbí ní ọ̀sán Sátidé.”

Hatcher ò bi ẹnikẹ́ni. Kò sí ìdí. Gbogbo wa ló ti yé. Mo gbọ́ bí Arvella ṣe mí kanlẹ̀, ó fi aṣọ bo ojú. Àwọn tó bá Lonnie rẹ́rìn-ín ń wo ilẹ̀. Gbogbo Sátidé yẹn, a ti jókòó sílé wa, a dá ọ̀rọ̀ wa dúró, a ń retí kí fèrè dákẹ́ ká lè parí rẹ̀.

Dókítà fẹ́ gbé Oleta lọ. Ó ní rárá. Pẹ̀lú ètè tó ti ya, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán sí i láyà, ó sọ ọ́ wàyí. Ó sọ ti ẹ̀wà tó jó, ó sọ ti oyún, ó sọ ti irin táyà àti ohun tí Rayford wí nígbà tí fèrè hu ní Túsìdé. Ọ̀rọ̀ tó há sí i lọ́fun, ẹ̀ṣẹ́ Lonnie ló tú u.

Nígbà tó parí, Hatcher tún dìde. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. “Olúwa mi, ká ní wọ́n nà án. Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́. Ẹ bi í bóyá ó kábàámọ̀.”

Adájọ́ náà fi igi tayín pẹ́. “Mísì Oleta, èmi ni màá bi yín. Bó bá jẹ́ òní, bó bá gbá ìdérí yẹn lónìí, tó ní ẹ ṣàánú òun, ṣé ẹ máa ṣí i?”

Mo rí Keeling tó tẹ ẹsẹ̀ Oleta mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Gbogbo wa la mọ èsì tó yẹ. Ọmọ ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni sà, màá ṣí i. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀wọ̀n.

Oleta nu ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú èjìká.

“Rárá sà.”

Ó gbójú sókè wo adájọ́ náà.

“Mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀, sà. Mo máa ń gbọ́ ìka rẹ̀ tí ń fọ́. Mi ò fẹ́ kó kú, mo fẹ́ kó lọ. Ibi tó lè lọ ni ò sí, èmi náà ò sì rí ibi tí mo lè lọ. Bó bá jẹ́ òní, màá sunkún, màá sì dì í mú.”

Keeling bo ojú. Hatcher jókòó bí ẹni tó ti jẹun yó.

Adájọ́ náà tu igi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. “Èmi náà ní ihò lẹ́yìn ilé mi,” ló wí. “Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tó gbá a tí a ò ṣí i fún, àti olè tó jí wa ní màlúù. Ìdí nìyẹn tí mo fi kórìíra ẹjọ́ yìí láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ. Àmọ́ ẹni tó ń sá fún ààjà ni ihò wà fún. Rayford Stamper ò sá fún ààjà. Òun àti ààjà jọ ń bọ̀ ni.” Ó kọjú sí Oleta. “Ẹ̀ bá ti purọ́ fún mi, mà, ó rọrùn. Nítorí ẹ ò purọ́ fún mi, mo gba èyí tó kù gbọ́. Ẹ̀wọ̀n tí ẹ ti ṣe tó. Ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ tú u.”

Obìnrin kan láti ìdílé Stamper figbe ta, ó ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ àwọn ń ké, ó ní Ọlọ́run á ti ihò mọ́ adájọ́ náà lọ́jọ́ kan. Àwọn kan bá a sunkún. Wọ́n ti gbé Lonnie lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀.

Ilé ìwòsàn ni Oleta sùn sí, wọ́n fi wáyà so àgbọ̀n rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Arvella ló ń gbé báyìí. Omi ọbẹ̀ ló ń mu, ó sì ń bá Arvella jà lórí iyọ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ tó mú bí abẹ ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín wáyà. Nílùú, ọ̀rọ̀ náà ò tíì parí. Àwọn kan ń gbé oúnjẹ wá sẹ́nu ọ̀nà wọn. Àwọn mìíràn, bí wọ́n bá rí i nínú ṣọ́ọ̀bù, wọn á yí kẹ̀kẹ́ ọjà wọn padà. Wọ́n ní nínà ni nínà, ihò ni ihò.

Arvella fẹ́ bá obìnrin kan tó kọ̀ láti kí Oleta jà lọ́jọ́sí, níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Oleta fà á láṣọ.

“Ẹ fi í sílẹ̀, Mísì Arvella. Ìkíni tiẹ̀ kọ́ ni mo lọ gbà nílé ẹjọ́.”